Climashield APEX àti ìyẹ́ pẹ́pẹ́yẹ: èwo ló yẹ kùbùsù ìpàgọ́ tí a fọwọ́ ara wa rán?

Ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ rán kùbùsù fífúyẹ́ tí yóò máa gbé gun òkè ní Wales, ní Scotland tàbí ní Lake District ní England gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pinnu ohun tí yóò fi sínú rẹ̀: ìyẹ́ múlọ́múlọ́ abẹ́ àyà pẹ́pẹ́yẹ ni, àbí fọ́nrán pólísítà? Mo ti fi méjèèjì rán kùbùsù, mo sì ti bora pẹ̀lú méjèèjì nínú àgọ́. Fún ojú ọjọ́ ìlú Ọba, pólísítà tí wọ́n ń pè ní Climashield APEX ni mo fọwọ́ sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó wúwo ju ìyẹ́ lọ.

Afẹ́fẹ́ tó há sáàárín fọ́nrán tàbí ìyẹ́ ló ń mú ara móoru. Ibi tí a bá fi ara tẹ̀ pẹrẹsẹ kò ní afẹ́fẹ́ kankan mọ́, tìmùtìmù abẹ́ wa ló sì ń dá òtútù ilẹ̀ dúró, nítorí náà ni kùbùsù kò fi ní ẹ̀yìn àti síìpù bíi ti àpò ìsùn. Ray Jardine, ará Amẹ́ríkà tó ń gba àwọn arìnrìn-àjò níyànjú láti dín ẹrù wọn kù láti àwọn ọdún 1990, wà lára àwọn tó sọ irú kùbùsù yìí di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká, ó sì ń ta ohun èlò rẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ rán tirẹ̀. Pólísítà ló ń lò, kì í ṣe ìyẹ́.

Ohun tó wù mí jù lára APEX ni bó ṣe rọrùn láti rán. Fọ́nrán rẹ̀ gùn láìjá, wọ́n sì so kọ́ra, nítorí náà kì í rìn kiri nínú aṣọ, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣù jọ sójú kan. A ó gé e bí a ṣe ń gé aṣọ, a ó dojú náílọ̀n méjèèjì kọra, a ó tẹ́ APEX lé wọn, a ó rán etí yíká, a ó sì fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ tí a ó gbà yí i síta. Kò sídìí láti fa abẹ́rẹ́ kọjá láàárín rẹ̀, èyí sì ṣe pàtàkì, torí pé gbogbo ibi tí òwú bá ti fún aṣọ mọ́ra ni òtútù ń gbà wọlé. Fọ́nrán náà a máa lọ́ mọ́ ẹsẹ̀ máṣínnì. Bí a bá tẹ́ bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lé e, tí a fà á ya kúrò lẹ́yìn tí a bá rán an tán, iṣẹ́ náà á lọ geere.

Ìyẹ́ kò rí bẹ́ẹ̀. A gbọ́dọ̀ fi àwọ̀n tín-ínrín ṣe ògiri sáàárín aṣọ òkè àti ti ìsàlẹ̀, kí kùbùsù náà di yàrá yàrá, kí a wọn ìyẹ́ yàrá kọ̀ọ̀kan lórí òṣùwọ̀n, kí a tó rán ẹnu rẹ̀ pa. Bí atẹ́gùn bá wọlé pẹ́nrẹ́n, ìyẹ́ á fò káàkiri bí òwú àràbà lásìkò ọyẹ́. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ aránṣọ fi ń ti ara wọn mọ́ ilé ìwẹ̀ ṣe é.

Síbẹ̀, ìyẹ́ ló borí nípa ìwúwo. Èyí tí wọ́n bá kọ 800 sí lára, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ bí ìyẹ́ ṣe ń wú tó, áǹsì kan rẹ̀, tó jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 28, yóò wú gba àyè tó tó lítà 13. Kùbùsù tó gùn ní mítà 2, tó fẹ̀ ní mítà 1.3, tí a sì fẹ́ kó wú ní sẹ̀ǹtímítà 5, yóò gba nǹkan bíi gíráàmù 280, àfi díẹ̀ tí aránṣọ tó mọṣẹ́ máa ń fi kún un. APEX oníwọ̀n gíráàmù 167 ní mítà onígun mẹ́rin kan yóò jẹ́ gíráàmù 434, kò sì ní wú tó bẹ́ẹ̀.

Ìrì ló jẹ́ kí n fara mọ́ ìwúwo yẹn. Lóru, èémí ẹni a máa di omi lára àgọ́, ìdí kùbùsù á fara kàn án, á sì rin. Nígbà tí mo fọwọ́ kan ibẹ̀ lára kùbùsù ìyẹ́, ìyẹ́ náà ti ṣù sí wóró wóró, aṣọ òkè sì ti lẹ̀ mọ́ ti ìsàlẹ̀. Lára APEX, aṣọ òde rin, àmọ́ inú rẹ̀ ṣì wú, ẹsẹ̀ mi sì móoru. Wọ́n ti ń fi kẹ́míkà ra ìyẹ́ kí omi má bàa tètè wọ̀ ọ́, ìyẹn sì ń ṣèrànwọ́, ṣùgbọ́n bí òjò bá rọ̀ léraléra fún ọjọ́ mélòó kan, níbo ni a ó ti sá a?

Àléébù APEX tó dùn mí ni pé kì í pẹ́ bí ìyẹ́. Bí a bá ń kì í mọ́ inú àpò lójoojúmọ́, wíwú rẹ̀ á máa dín kù, nígbà tí ìyẹ́ tí a tọ́jú dáadáa lè sin ènìyàn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kí a tú kùbùsù APEX sílẹ̀ gbàrà tí a bá délé, kí a má sì fún un pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

Oníwọ̀n 167 ni kí ẹni tó ń rán àkọ́kọ́ rà. Oníwọ̀n 100 tó fún ìgbà ooru. Bí yìnyín bá ti bo òkè pátápátá, ìyẹ́ ni n ó gbé, nítorí pé òtútù tó gbẹ kì í rin ín, APEX tó nípọn tó láti kojú irú òtútù bẹ́ẹ̀ yóò sì gba ìdajì àpò ẹ̀yìn mi.