Sẹ̀rámíìkì la sanwó fún: àgbéyẹ̀wò oríkèé ìbàdí mi tuntun

"CoCr." Ohun tí wọ́n kọ sára páálí oríkèé tí wọ́n gbé wá fún mi nìyẹn, lábẹ́ nọ́ńbà ọjà, ní alẹ́ tí ilẹ̀ rẹ̀ máa mọ́ kí wọ́n gbé mi wọ tíátà. Ọkùnrin tó gbé e wá kò mọ̀ pé kẹ́místírì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní Ìsánlú. Kóbọ́ọ̀tì àti kúròmíọ̀mù. Irin. Sẹ̀rámíìkì, ohun líle bí àwo tánganran, ló sì wà lára rìsíìtì tó wà nínú báàgì ìyá mi.

Ẹ̀jẹ̀ SS ni mo ní. Ẹ̀jẹ̀ ò dé orí eegun itan ọ̀tún mi mọ́, ó kú, ó sì rún. Dókítà ti ṣàlàyé pé àgbàlagbà tí kì í rìn púpọ̀ lè lo orí irin (orí ni bọ́ọ̀lù tó ń yí nínú oríkèé) dalẹ́, àmọ́ èmi tí mi ò tíì pé ogójì ọdún, tí mò ń dúró níwájú pátákó látàárọ̀, ohun tí kì í tètè họ ike inú ago ìbàdí ló yẹ mí. Inú ike ni orí náà máa ń yí sí: pólíẹ́tílíìnì, ọmọ ìyá èyí tí wọ́n fi ń ṣe kẹ́ẹ̀gì, àmọ́ tí ẹ̀wọ̀n mólékù tiẹ̀ gùn ju ti kẹ́ẹ̀gì lọ fíìfíì. Dókítà eegun kan, John Charnley, ló bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó ní Ìlú Ọba ní 1962, lẹ́yìn tí ike Teflon tó kọ́kọ́ fi sára àwọn aláìsàn jẹ tán láàárín ọdún díẹ̀. Eruku tó ń já bọ́ lára ike yìí ló ń mú kí eegun tó yí i ká máa jẹrà, tí oríkèé á fi máa mì.

Mo ní, "Bọ̀dá, orí tí ẹ gbé wá yìí kọ́ la sanwó rẹ̀."

"Anti mi, ẹ fọkàn balẹ̀. Ọ̀kan náà ni gbogbo ẹ̀."

"Kí ló dé tí owó wọn ò dọ́gba?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní sẹ̀rámíìkì ti wọ́n lọ́jà, pé bí mo bá ti wà lórí tábìlì, mi ò ní mọ èyí tó wọlé. Ó ń tẹ fóònù bó ṣe ń sọ ọ́, kò tilẹ̀ wojú mi. Ibẹ̀ ni inú ti bí mi. Ìyá mi yọ rìsíìtì, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì àwọn nọ́ọ̀sì, ó fọwọ́ nà án. "Ọmọ mi, bá mi ka ibí yìí, ojú mi ò ríran dáadáa." (Ìyá mi tó ń ka Bíbélì láìlo awò!) Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Nígbà tó dé "sẹ̀rámíìkì", ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀.

Sísítà àgbà kan, ọmọ Mọ̀pà, ló parí ẹ̀: "Gbé páálí ẹ kúrò lórí tábìlì mi. Mi ò ní kọ orúkọ ọmọ yìí sínú ìwé tíátà lálẹ́ yìí." Ọlọ́run á bá mi san án fún un.

Dókítà dé, ó ní òun ò gbọ́ sí i. Mo gba ìdajì rẹ̀ gbọ́. Ṣùgbọ́n ó fa àga ike kan, ó jókòó tì mí, kò kánjú. Ó ní orí irin kì í ṣe májèlé. Èyí tó dá wàhálà sílẹ̀ ni irin nínú irin, tí orí àti ago jọ jẹ́ irin, tí kóbọ́ọ̀tì ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ èèyàn, tí wọ́n sì kó irú kan rẹ̀ padà kárí ayé ní 2010. Ó ní sẹ̀rámíìkì náà lè sán, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò wọ́pọ̀. Ó ní bí mo bá fẹ́ irin, òun á ṣe é lọ́la. Mo ní rárá o, tèmi ni kí wọ́n wá.

Ó dé. Mo ka páálí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀pá tó wọnú eegun itan ò ní wàhálà láti ìbẹ̀rẹ̀: Ti-6Al-4V ni, taiténíọ̀mù tí ara rẹ̀ rí ṣákaṣàka kí eegun lè hù mọ́ ọn láìlo sìmẹ́ńtì.

Ẹ̀yin èèyàn, ẹsẹ̀ yìí dára! Lọ́jọ́ kejì ni wọ́n ti gbé mi dìde. Ìrora tó máa ń gún mi lábẹ́ itan lóru ti lọ. Títì Kàbà sí Ẹ̀gbẹ̀ pẹ̀lú gbogbo kòtò rẹ̀ ò yẹ̀ ẹ́. Kìkì pé mi ò gbọdọ̀ lóṣòó, mi ò sì gbọdọ̀ jókòó sórí àpótí, torí náà orí ìdúró ni mo ti ń wí "Ọ̀kun o", ìkíni wa, fáwọn àgbà. Àbúrò bàbá mi obìnrin kan ṣì ń fojú burúkú wò mí.

Owó ibùsùn ńkọ́? Gbogbo ọjọ́ tí mo fi dúró de orí tí wọn ò gbé wá lásìkò ni wọ́n kọ sórí bíìlì mi. Akọ̀wé owó ní "ibùsùn ni ẹ sùn sí". Mo kọ lẹ́tà, wọn ò fèsì. Káàdì oríkèé, èyí tó ń sọ ohun tí wọ́n fi sí mi lára, tó yẹ kí n máa mú rìn, wọn ò fún mi. Sítíkà kan ṣoṣo ni Sísítà ya fún mi kúrò nínú fáìlì.

Máàkì mi: mẹ́rin àbọ̀ nínú márùn-ún. Àbọ̀ tí mo yọ, ti owó ibùsùn ni. Mo gbọ́ pé ọkùnrin olóríkèé yẹn ṣì ń gbé páálí wọ ọsibítù náà, torí náà ẹ ka ti yín kí wọ́n tó gún yín lábẹ́rẹ́ oorun.