Ẹrù Òṣogbo fún Ilé Orí Omi: Bátìrì Yege, Wáyà Kùnà

Ẹni tó wa ọkọ̀ ìgbòkun gba etíkun láti Dakar tàbí Accra dé Èkó, tó wá fẹ́ sọ ọkọ̀ yẹn di ilé, ọ̀rọ̀ ìgbòkun kọ́ ló máa gbà á lọ́kàn mọ́. Iná ni, omi ni, ibùsùn ni. Bó bá jẹ́ ọmọ Òṣogbo, ó lè ra púpọ̀ nínú ẹrù náà nílé kó tó padà sọ́dọ̀ ọkọ̀ rẹ̀, torí kò sí èyí tí kò sí nígboro nínú bátìrì, pánẹ́ẹ̀lì sólà, fóòmù àti kẹ́ẹ̀gì. Ṣùgbọ́n nǹkan tó ń ṣiṣẹ́ wẹ́rẹ́ ní Òkè-Fíà lè má pẹ́ rárá lójú omi. Iyọ̀ ló fà á. Iyọ̀ òkun máa ń bà sára gbogbo nǹkan, òun náà ló sì ń fa omi látinú afẹ́fẹ́, tí nǹkan kì í fi í gbẹ. Ojú iyọ̀ yìí la fi wo ẹrù kọ̀ọ̀kan.

Bátìrì lítíọ́ọ̀mù 12V, 100Ah (Ah ni ìwọ̀n iná tó lè gbà), tí wọ́n kọ LiFePO4 sí lára, ló dára jù nínú gbogbo ohun tí a yẹ̀ wò. Sẹ́ẹ̀lì 4 ló wà nínú rẹ̀, fólítì 3.2 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ wọn jẹ́ 12.8. Iná inú rẹ̀ jẹ́ 1,280 Wh (iye wáàtì lọ́nà iye wákàtí), a sì lè lo nǹkan bíi 1,000 níbẹ̀ lójoojúmọ́ láìpa á lára. Bátìrì olómi 100Ah ńkọ́? Ìdajì ni ká lò bí a bá fẹ́ kó pẹ́, bẹ́ẹ̀ ló tún wúwo tó ìlọ́po 2 lítíọ́ọ̀mù. Àwọn bátìrì tubular gíga tí wọ́n ń tò sí ẹ̀yìn ilé fún invẹ́tà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ sílé. Bí ọkọ̀ bá fẹ̀gbẹ́ kan, ásíìdì lè dà, bí omi òkun bá sì wọ inú bátìrì olómi, gáàsì chlorine ló ń jáde, gáàsì olóró ni, inú yàrá tóóró tí èèyàn ń sùn sí ló sì máa kún.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ohun tí 1,000 Wh lè ṣe. Fíríìjì kékeré oní-12V tó ń jẹ wáàtì 45, tó ń ṣiṣẹ́ wákàtí 12 nínú 24 nítorí ooru wa: 540. Fáànù wáàtì 20 fún wákàtí 8 lóru: 160. Gílóòbù LED 6, wáàtì 3 ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wákàtí 5: 90. Fóònù àti ẹ̀rọ omi: nǹkan bíi 55. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 845 Wh lójúmọ́. Bátìrì 1 gbé e, ṣùgbọ́n bí òjò bá ṣú fún ọjọ́ 2, iná á kú. Bí agbára bá gbé e, ẹ ra 2.

Ayédèrú pọ̀ níbi bátìrì yìí, òṣùwọ̀n ló sì ń tú u fó. Sẹ́ẹ̀lì tó lè gba 1,280 Wh, òun nìkan á wọn tó kílò 8, ká má tíì ka páálí àti wáyà inú rẹ̀. Ojúlówó kì í sábà dín ní kílò 10. Àwọn oní-gáàsì ní òṣùwọ̀n. Ẹ bẹ̀ wọ́n, ẹ gbé bátìrì náà lé e kẹ́ ẹ tó sanwó. Bó bá wọn kílò 6, kì í ṣe 100Ah, ohun yòówù kí wọ́n kọ sí i lára.

Àléébù rẹ̀ kan wà tí ọ̀pọ̀ olùtajà kì í sọ, torí ilé ni wọ́n ń tà á fún. Bátìrì yìí máa ń gba iná púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí a bá so ó tààrà mọ́ alternator, ẹ̀rọ tó ń mú iná wá lára ẹ́ńjìnnì ọkọ̀, alternator á gbóná títí á fi jó. Bí BMS, ẹ̀rọ kékeré tó ń ṣọ́ bátìrì láti inú rẹ̀, bá sì já iná lójijì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, fólítì á ta sókè, á ba díódù rẹ̀ jẹ́. Ṣájà DC sí DC (DC ni irú iná tí bátìrì ń lò) oní-30A, ìyẹn áńpíà 30, ni kó wà láàrin alternator àti bátìrì. Ẹ ṣètò ṣájà náà sí fólítì 14.2 sí 14.6.

Wáyà wá ni ìbànújẹ́ wa. Wáyà ilé tó kún ọjà, egungun bàbà kan ṣoṣo ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi kì í sì í dúró jẹ́ẹ́. Ẹ́ńjìnnì ń gbọ̀n ọ́n, ìgbì ń mì í. Egungun yẹn á kán níbi tí wọ́n ti fún un mọ́lẹ̀, rọ́bà ara rẹ̀ ò sì ní fi hàn. Wáyà olówùú wẹ́wẹ́ ló yẹ ọkọ̀, tó sì jẹ́ pé wọ́n ti fi tin kun òwú bàbà náà. Èyí tí wọn ò fi tin kùn, omi oníyọ̀ á fà wọ abẹ́ rọ́bà rẹ̀ láti etí, á sọ bàbà di aláwọ̀ ewé, lẹ́yìn náà á dúdú. Iná á wá máa ṣe ségesège, a ò ní mọ ibi tó ti ń wá.

Bí ẹ ó ṣe dá a mọ̀ rèé. Ẹ sọ fún ẹni tó ń tà á pé, “Ọ̀gá mi, ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí n bó etí ẹ̀ wò.” Ẹ mú òwú kan ṣoṣo, ẹ fi ọ̀bẹ ha á. Bí òde bá funfun bíi fàdákà tí inú pọ́n, wáyà ọkọ̀ nìyẹn. Bí òde bá pọ́n tí inú sì pọ́n, bàbà gidi ni, ilé ló yẹ. Bí òde bá pọ́n tí inú wá funfun, alumíníọ́ọ̀mù tí wọ́n fi bàbà bò ni. Ilé gan-an ò yẹ kó wọ̀, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wí ọkọ̀. Ẹni tó bá kọ̀ kẹ́ ẹ bó etí wáyà rẹ̀, ẹ kí i, kẹ́ ẹ máa lọ.

Ìnípọn rẹ̀ náà ṣe pàtàkì, torí fólítì 12 kò ní ohun tó lè ṣòfò. Ẹ jẹ́ ká ní fíríìjì tó tóbi ju ti òkè yẹn lọ ń fa 10A, ó sì jìnnà sí bátìrì ní mítà 5, àlọ àti àbọ̀ jẹ́ mítà 10. Wáyà 2.5mm tí àwọn oníná fi ń ṣe sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé á jẹ tó fólítì 0.7 lójú ọ̀nà, fíríìjì á sì máa kọ iṣẹ́. Wáyà 6mm ò jẹ ju 0.3 lọ. Fíúsì gbọ́dọ̀ sún mọ́ orí bátìrì, kó má kọjá sẹ̀ǹtímítà 18. Irú fíúsì tí wọ́n ń pè ní Class T ló dára jù fún lítíọ́ọ̀mù. Bíréékà ilé tí wọ́n ṣe fún AC, ìyẹn iná NEPA, kò lè já iná DC dáadáa. Iná á máa fò láàrin rẹ̀ títí á fi yọ́.

Pánẹ́ẹ̀lì sólà kò níṣòro púpọ̀. Èyí tó jẹ́ 200W á mú nǹkan bíi 700 Wh wá lọ́jọ́ tí oòrùn ràn dáadáa, nítorí náà 2 la nílò fún ìṣirò òkè yẹn. Ẹ má ra èyí tó lé ní 500W tí wọ́n ń fi sórí òrùlé. Ó gùn ju mítà 2 lọ, kò síbi tí ẹ ó gbé e sí. Bí òjìji òpó ìgbòkun bá bọ́ sórí pánẹ́ẹ̀lì, ó lè fa gbogbo ìlà rẹ̀ sẹ́yìn, torí náà ẹ so àwọn 2 ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ìyẹn parallel, kí òjìji ọ̀kan má ṣèdíwọ́ fún èkejì.

Gáàsì ìdáná ńkọ́? Ẹ má gbé kúkà orí tábìlì tàbí sílíńdà kékeré tó ní ojú iná lórí wọ ọkọ̀. Gáàsì wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Bó bá jò nínú ilé, ó lè gba abẹ́ ìlẹ̀kùn jáde. Nínú ọkọ̀, ìdí ọkọ̀ ló ń wọ̀ lọ, á gbára jọ síbẹ̀ títí iná kan á fi kàn án. Inú àpótí tó dá dúró lóde ni sílíńdà ń gbé, kí ihò wà ní ìsàlẹ̀ àpótí náà tó já síta sójú omi. Sítóòfù tó yẹ ni èyí tó ń pa gáàsì fúnra rẹ̀ bí atẹ́gùn bá fẹ́ iná pa. Omi ọṣẹ ni kẹ́ ẹ fi yẹ àwọn ibi tí wọ́n ti so ó pọ̀ wò, ẹ má fi ìṣáná dán an wò. Bí ẹ bá se oúnjẹ tán, orí sílíńdà ni kẹ́ ẹ ti pa á.

Kẹ́ẹ̀gì 25 lítà, a fi ọwọ́ méjèèjì sí i, bó bá jẹ́ tuntun. Èyí tí wọ́n ti ta òróró nínú rẹ̀, òórùn rẹ̀ ò ní tán. Bí èèyàn 2 bá ń lo lítà 10 ní ọ̀kọ̀ọ̀kan lójúmọ́, kẹ́ẹ̀gì 8 á gbé wọn fún ọjọ́ 10. Ìyẹn jẹ́ kílò 200, torí náà ẹ to 4 sí ọ̀tún, 4 sí òsì, nísàlẹ̀ pátápátá, kẹ́ ẹ sì bò wọ́n kí ìmọ́lẹ̀ má bàa hu ewé nínú omi.

Ó ku ibùsùn. Àwọn tó ń gé fóòmù ní Òṣogbo mọṣẹ́. Ẹ fi páálí gé àwòrán ibùsùn iwájú ọkọ̀, tó rí ṣóńṣó, kẹ́ ẹ gbé páálí náà lọ bá wọn. Ínṣì 4 tó. Ẹ to pákó tẹ́ẹ́rẹ́ sábẹ́ rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè gbà á kọjá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á bu láàrin ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Aṣọ tí a fi bò ó ńkọ́, Òròkí ìlú aró ṣáà ni: àdìrẹ ẹlẹ́lú rẹwà, òwú gidi ni, ó sì tutù lára. Àmọ́ kó tó wọ ọkọ̀, ẹ fọ̀ ọ́ títí omi rẹ̀ á fi mọ́. Iyọ̀ tàbí ọtí kíkan tí wọ́n ní kẹ́ ẹ rẹ ẹ́ sí kì í mú ẹlú dúró. Èyí tí kò bá ti wọra, fífọ̀ nìkan ló ń kó o kúrò. Lẹ́yìn náà, ẹ má fi omi òkun fọ̀ ọ́ láéláé. Iyọ̀ á kù sínú òwú, aṣọ á sì máa tutù lálaalẹ́ bí ẹni pé òjò pa á. Kẹ́ẹ̀gì omi kan fún fífọ̀ lọ́sẹ̀ kì í ṣe ìnáwó àpà.