Ẹdan tí mo rà ní gbàǹjo Lọ́ńdọ̀nù

Láti ilé mi ní Ìjẹ̀bú-Òde ni mo ti ra ẹdan Òṣùgbó kan, ìyẹn ère idẹ takọtabo tí ẹ̀wọ̀n so pọ̀, tí ẹgbẹ́ Òṣùgbó (Ògbóni) ń lò, ní ilé gbàǹjo kan ní Lọ́ńdọ̀nù, lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo sì fẹ́ kí ẹni tó bá ń gbèrò irú rẹ̀ mọ bí iṣẹ́ wọn ṣe rí kó tó náwó.

Ìforúkọsílẹ̀ kò ni mí lára rárá. Ọjọ́ títà ló yára ju bí mo ti rò lọ, nítorí bí ìṣẹ́jú kan péré ni wọ́n ń lò lórí ẹrù kọ̀ọ̀kan. Àárín kùmọ̀ ogun àwọn ará Fiji àti ìbòjú kan láti New Ireland ni ẹdan wa wà, torí pé ọjọ́ kan náà ni wọ́n ń ta iṣẹ́ ọnà Áfíríkà àti ti àwọn erékùṣù Òkun Pàsífíìkì.

Orí 1,400 pọ́n-ùn ni òòlù bá mi, ìyẹn ni pé iye yẹn ni wọ́n gbà tà á fún mi, àmọ́ wọ́n bu ìdá 28 nínú ọgọ́rùn-ún lé e gẹ́gẹ́ bí owó ilé gbàǹjo, ó di 1,792, láìtíì san owó ìfiránṣẹ́. Ó wà nínú àdéhùn wọn, n kò lè bá wọn jà níbẹ̀.

Ohun tó bí mi nínú ni pé wọ́n kọ ọ́ pé ẹrù náà pé, kò ní àbùkù. Nígbà tó dé, mo gbé e lọ bá bàbá kan tó jẹ́ olóyè nínú Òṣùgbó. Ọwọ́ òsì ni bàbá fi gbà á. Wọ́n wo takọtabo náà pẹ́, wọ́n fi àtàǹpàkò ra àyà ère obìnrin, níbi tí ìkúùkù òsì ti gbé lé ọ̀tún, tí ọwọ́ àwọn àgbà ti fi pa idẹ ibẹ̀ dán. Bí wọ́n ti mú ẹ̀wọ̀n tó so méjèèjì pọ̀, wọ́n ní, “Ọmọ mi, wáyà rèé.” Wáyà tuntun ni lóòótọ́, ẹnìkan ti fi ọ̀dà dúdú kùn ún. Ilé gbàǹjo náà fèsì pé èrò lásán ni ohun tí àwọn kọ, kì í ṣe ìdánilójú.

Èyí tó tún dùn mí ni ìtàn rẹ̀. Orúkọ olówó Yúróòpù mẹ́ta tó ti ni ín láti 1961 wà níbẹ̀ ní kíkún, kò sí orúkọ ilédì (ilé ìpàdé Òṣùgbó) kankan, kò tilẹ̀ sí “Ìjẹ̀bú”. Orúkọ àwọn olówó bẹ́ẹ̀ ló ń gbówó lérí: ní Paris ní 2006, wọ́n ta ìbòjú kan tó jẹ́ ti àwọn Fang ní Àárín Gbùngbùn Áfíríkà, láti inú àkójọ ìdílé Vérité, àwọn oníṣòwò iṣẹ́ ọnà ní Paris, ní iye tó lé ní mílíọ̀nù 5 yúrò.

Láti 1953 ni òfin Nàìjíríà ti ní kí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé má jáde láìsí ìwé àṣẹ. Ẹ béèrè ìwé yẹn, kí ẹ sì gba fọ́tò ẹ̀wọ̀n àti ìdí ẹdan, kí ẹ tó fi owó lé e. Èmi béèrè lẹ́yìn tí mo ti sanwó, n kò sì tíì rí èsì gbà.