Alásè tó ń wá se ọbẹ̀ fìríísà sílé ní Èkó: ibi tí iṣẹ́ wà gan-an

Ètò yìí ti wọ́pọ̀ ní Èkó báyìí. Alásè á wá lọ́jọ́ Sátidé, á se ọbẹ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún, á bù wọ́n sí abọ́ lítà-lítà, ó di fìríísà. Fún ẹni tó ń ti Ìkòròdù lọ ṣiṣẹ́ ní Erékùṣù, owó rẹ̀ kò ṣòfò. Ṣùgbọ́n ẹ má fi adùn ọbẹ̀ ọjọ́ yẹn nìkan díwọ̀n alásè. Ẹ wo ohun tó ń ṣe lẹ́yìn tó bá sọ ìkòkò kalẹ̀.

Bí wọ́n bá dé ọbẹ̀ gbígbóná pa, tí wọ́n tò ó léra wọn sínú fìríísà, etí abọ́ á ti dì, àárín á ṣì máa lọ́ wọ́ọ́rọ́ fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ibẹ̀ ló ti ń kan. Alásè tó mọṣẹ́ á gbé ìkòkò sínú omi tútù, á máa rò ó, á bù ú sí abọ́ tí kò jìn, ọbẹ̀ á sì wọ fìríísà kó tó pé wákàtí méjì. Á fi àlàfo bí ìbú ìka kan sílẹ̀ lókè, torí ọbẹ̀ a máa wú bó bá ń dì, a sì máa ti ìdérí ṣí. Ìwọ̀n tí ilé ń jẹ tán lẹ́ẹ̀kan ni kó wà nínú abọ́ kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá ti yọ́ kò yẹ kó tún padà lọ dì. Bí iná mànàmáná bá lọ ńkọ́? Fìríísà tó kún dáadáa, tí ẹnikẹ́ni kò ṣí, lè mú kí ọbẹ̀ ṣì dì fún bí ọjọ́ méjì. Èyí tó kún dé ààbọ̀, ọjọ́ kan péré.

Ata díndín ló ń pẹ́ jù, bí wọ́n bá se omi rẹ̀ gbẹ kí wọ́n tó da òróró sí i, tí wọ́n sì dín in títí òróró fi léfòó. Alásè tó ń kánjú kì í ní sùúrù fún ìyẹn. Ẹ̀gúsí náà ń ṣe dáadáa. Ṣọkọ inú ẹ̀fọ́ rírò, kí wọ́n bọ̀ ọ́ díẹ̀ ni, kí wọ́n fún un gbẹ, torí yóò tún kaná. Ewédú? Alásè tó bá kọ ọ́ mọ́ ọbẹ̀ fìríísà, abọ́ ló fẹ́ fi kún. Bó bá yọ́, á ṣomi.

Owó ni ìjà wà. Àwọn kan ń gba owó iṣẹ́, ẹ̀yin lẹ ó ra ọjà. Èyí la fara mọ́ jù. Àwọn mìíràn ń ra ọjà fúnra wọn, wọ́n á gbówó lórí abọ́. Ẹ béèrè iye ẹran tí yóò wà nínú lítà kan kó tó dáná, àti gáàsì ta ni wọn ó lò. Abọ́ tí wọ́n bá sì pè ní lítà méjì, ẹ da ike omi lítà kan ààbọ̀ sí i. Bó bá kún dé ẹnu, ẹ jẹ́ kí wọ́n tún owó ṣírò.