Ìbọ̀wọ́ Béèsìbọ́ọ̀lù Tòkunbọ̀ Tí Mo Rà Ní Kútọ̀

Láàárín àwọn bàtà tòkunbọ̀ ní ọjà Kútọ̀ ni mo ti rí ìbọ̀wọ́ awọ yìí, mo sì san ẹgbẹ̀rún méje náírà lórí rẹ̀ lẹ́yìn tí èmi àti ìyá tó ń tà á ti ná an títí. Lẹ́tà Kòríà ló wà lára rẹ̀. Ó kéré débi pé ìyá náà rò pé ti ọmọdé ni, bẹ́ẹ̀ ti ẹni tó ń ṣọ́ àárín béèsì kejì àti ìkẹta ni (béèsì ni àwọn ibùdó mẹ́rin tí ẹni tó lu bọ́ọ̀lù ń sá yí ká), ẹni tí bọ́ọ̀lù ń yí gbirigbiri bọ̀ wá bá nílẹ̀, tó sì gbọ́dọ̀ yọ ọ́ kíá kó lè jù ú sí béèsì àkọ́kọ́ kí ẹni tó ń sáré tó débẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ikùn rẹ̀, ibi tí bọ́ọ̀lù ń wọ̀ sí, kò fi jìn.

Irú ipò yìí ni Yeom Kyung-yup, ọmọ ìlú Gwangju ní Kòríà, dì mú nínú ẹgbẹ́ béèsìbọ́ọ̀lù Pacific Dolphins, tó di Hyundai Unicorns lẹ́yìn náà. Igi tí wọ́n fi ń lu bọ́ọ̀lù kò mọ̀ ọ́n lọ́wọ́ rárá: .195 ni ìwọ̀n lílù rẹ̀, èyí tó túmọ̀ sí pé nínú ìgbà mẹ́wàá, àlùyè rẹ̀ kò pé méjì. Ìbọ̀wọ́ ló ń bọ́ ọ. Ṣùgbọ́n nígbà tó di akọ́nimọ̀ọ́gbá, ó darí ẹgbẹ́ Nexen Heroes láti 2013 sí 2016, ó sì gba àkóso ẹgbẹ́ LG Twins fún sáà 2023. Lọ́dún náà gan-an ni wọ́n borí KT Wiz, tí wọ́n gba ife ẹ̀yẹ Kòríà tí ẹgbẹ́ náà kò fojú kàn mọ́ láti 1994. Wọ́n tún gbà á ní 2025. Lójú tèmi, ẹni tí kò lè fi agbára lu bọ́ọ̀lù ni í fara balẹ̀ wo eré náà.

Ní ti ìbọ̀wọ́ náà, awọ rẹ̀ ti gbẹ, mo fi òrí díẹ̀ pa á. Okùn ẹ̀gbẹ́ àtàńpàkò já ní ọjọ́ kẹta, àmọ́ aránbàtà kan ní Sápọ́n fi ọ̀já awọ rọ́pò rẹ̀, ó sì le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fẹ́lẹ́. Bọ́ọ̀lù tó bá le máa ń ta ọwọ́. Síbẹ̀, òun ni àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ ń jà sí. Mo padà lọ wá èkejì, ṣùgbọ́n ti ẹni tó ń fi ọwọ́ òsì ju bọ́ọ̀lù ló kù, ta ni í sì í fi irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣọ́ àárín yẹn?