Fírísà R600a tí mo rà: ó ń ṣiṣẹ́ gan-an, àmọ́ ẹ wo ẹni tó máa tún un ṣe kẹ́ ẹ tó ra tiyín

Ẹ jẹ́ n ti máàkì sílẹ̀ ná kí n tó máa ṣàlàyé, torí mo mọ̀ pé púpọ̀ nínú yín ò ní kà á dópin: 4 nínú 5. Fírísà tí wọ́n ń ṣí látòkè ni o, èyí kékeré tó ń lo R600a, ìyẹn irú gáàsì tó ń mú un tutù, kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ẹ̀ jẹ́ ti ínfátà, èyí tó lè yí eré ẹ̀ padà. Mi ò ní dárúkọ kọ́ńpìnnì tó ṣe é torí ohun tí mo fẹ́ sọ kan gbogbo fíríìjì tẹ́ ẹ bá ti rí R600a lẹ́yìn ẹ̀, yálà ẹ rà á ní Dùgbẹ̀ ni o, yálà ẹ lọ gbé e wá láti Alaba.

Ìbàdàn ni mo wà, zóbò àti pure water ni mò ń tà, ẹja yìnyín díẹ̀ lọ́jọ́ tówó bá wà lọ́wọ́. Zóbò tí mo bá kó sínú ẹ̀ lálẹ́, tíná bá fi wà, á ti dì gbagidi kílẹ̀ tó mọ́. Tí wọ́n bá múná lọ, tí àwọn ọmọ ò bá ṣí i pa, ṣí i pa, yìnyín ẹ̀ á ṣì wà níbẹ̀ títí dọjọ́ kejì. Ariwo ńkọ́? Kò lárìwo rárá, ẹ máa ní láti fọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kẹ́ ẹ tó mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́. Ohun tí mo tún fẹ́ràn ni pé tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ kì í já iná gbà ní gìrì bíi ti tókunbọ̀ tí mo ní tẹ́lẹ̀, jẹnẹrétọ̀ kékeré ń gbé e, sólà ẹnìkejì mi náà gbé e láìjanpata.

Ti owó iná, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Band A ò nílò kí n sọ fún yín. Láti April 2024 tí NERC, àjọ ìjọba tó ń dá owó iná, ti gbé yúnìtì kúrò ní N68 lọ sí N225 (wọ́n padà bù díẹ̀ kúrò lórí ẹ̀ lẹ́yìn náà, ká má parọ́), fíríìjì tó ń jẹná ti di ẹni tí wọ́n ń wò sùn-ùn nínú ilé. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀: fírísà tó bá ń jẹ yúnìtì kan péré lójúmọ́, yúnìtì 30 lóṣù nìyẹn, tí yúnìtì bá ti lé ní N200, N6,000 ti lọ kẹ́ ẹ tó tan gílóòbù kankan. Ti tókunbọ̀ àtijọ́ tí rọ́bà ẹnu ẹ̀ ti já, ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́ta ẹ̀ ló lè jẹ. Èyí tí mo rà yìí, ojú mítà ni mo fi rí i pé ó yàtọ̀.

Ó yá, ẹ yí ẹ̀yìn ẹ̀ wò. Wọ́n lẹ ìwé kékeré kan síbẹ̀, ẹ máa rí R600a, ẹ máa rí iye gíráàmù tó wà nínú ẹ̀, tèmi ò tó gíráàmù 60, ẹ sì máa rí àmì yẹ́lò onígun mẹ́ta tí wọ́n ya iná sí. Alhaji tó tà á fún mi ò mọ̀ nǹkan kan nípa ẹ̀, mo bi í, ó ní, "Hajia, ṣé kó máa tutù lẹ ń wá ni àbí ẹ fẹ́ lọ jókòó ìdánwò?" Gáàsì yẹn, mọ̀lẹ́bí gáàsì ìdáná wa ni, isobutane làwọn onísáyẹ́ǹsì ń pè é, ó sì lè gbaná lóòótọ́, àmọ́ sílíńdà kílò 12.5 tó wà ní kíṣíìnì yín, gáàsì inú ẹ̀ ju ti inú fírísà yìí lọ ní ìlọ́po tó lé ní 200, ẹ ṣáà ń sùn nínú ilé pẹ̀lú ẹ̀.

Bí gáàsì yìí ṣe dé ẹ̀yìn fírísà mi, ìtàn ẹ̀ dùn, ẹ fara balẹ̀ gbọ́. Láyé àwọn bàbá wa, gáàsì tí wọ́n ń pè ní R12 ló wà nínú fíríìjì gbogbo ayé. Ní 1974, àwọn onímọ̀ kẹ́místìrì méjì ní Amẹ́ríkà, Mario Molina àti Sherwood Rowland, sọ pé gáàsì irú èyí máa ń gòkè lọ ba ozone jẹ́, ìyẹn ìbòrí tó ń gbà wá lọ́wọ́ ìtànṣán oòrùn tó ń fa jẹjẹrẹ awọ ara. Àwọn kọ́ńpìnnì tó ń ṣe gáàsì náà, DuPont ló ńlá jù nínú wọn, fárígá, wọ́n ní ẹ̀rí dà. Ìgbà tó di 1985, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣiṣẹ́ ní Antarctica gbé ẹ̀rí jáde, ozone ibẹ̀ ti lu. Ní September 1987 àwọn ìjọba pàdé ní Montreal ní Kánádà, wọ́n tọwọ́ bọ̀wé, ọdún tó tẹ̀ lé e ni DuPont fúnra ẹ̀ sọ pé òun máa jáwọ́ ńbẹ̀. Gbogbo orílẹ̀-èdè tó wà láyé ló ti wọnú àdéhùn yẹn báyìí, àwọn tó ń bára wọn jagun náà wà ńbẹ̀, ẹ lọ wá irú ẹ̀ wá. Molina àti Rowland gba Nobel ní 1995 pẹ̀lú Paul Crutzen, wọ́n sì tọ́ sí i.

Wàhálà kejì wá bẹ̀rẹ̀. Ohun tí àwọn kọ́ńpìnnì fi rọ́pò R12 ni R134a, kì í ba ozone jẹ́ lóòótọ́, àmọ́ kílò kan ẹ̀ tó bá fò sáfẹ́fẹ́ á mú ayé gbóná bíi kílò 1,430 èéfín kábọ́nì láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún. Ti R600a ò ju nǹkan bíi kílò 3 lọ. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ò kéré o.

Apá ibi tí mo fẹ́ràn jù nìyí. Ní Jámánì, 1992, Greenpeace, ẹgbẹ́ tó ń jà fún àyíká, mú àwọn onímọ̀ kan ní Dortmund tí wọ́n ti ń fi propane àti butane dán fíríìjì wò, ó kó wọn lọ bá kọ́ńpìnnì kan ní apá ibi tó jẹ́ Ìlà Oòrùn Jámánì tẹ́lẹ̀, DKK Scharfenstein, tí ọjà ò lọ mọ́ níbẹ̀ tí wọ́n sì ti fẹ́ tì í pa. Wọ́n ní kó ṣe fíríìjì náà. Àwọn kọ́ńpìnnì ńlá ní há, bọ́ǹbù ni wọ́n fẹ́ gbé sílé èèyàn. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ti forúkọ sílẹ̀ pé àwọn máa rà á kó tiẹ̀ tó jáde. 1993 ló jáde, Greenfreeze ni wọ́n sọ ọ́, ohun tó sì yà mí lẹ́nu jù ni pé Greenpeace ò gba patent kankan lé e lórí, ìyẹn ìwé àṣẹ pé ẹlòmíì ò gbọdọ̀ ṣe é, ẹni tó bá wù kó ṣe é. Kò pẹ́ rárá àwọn tó ń pariwo bọ́ǹbù ti ń ṣe tiwọn tà. Ìjọba Jámánì tún ran àwọn kọ́ńpìnnì Ṣáínà lọ́wọ́ láti kọ́ iṣẹ́ náà, ẹ sì mọ ibi tí púpọ̀ nínú fíríìjì tuntun tí à ń rà níbí ti ń wá. Amẹ́ríkà ńkọ́? Ó di 2011 kí EPA, iléeṣẹ́ ìjọba wọn tó ń rí sí àyíká, tó gbà kí wọ́n máa lò ó nínú fíríìjì ilé. Kọ́ńpìnnì kékeré tó bẹ̀rẹ̀ gbogbo ẹ̀ wọ gbèsè ní 1996, ìyẹn dùn mí.

Lẹ́yìn ìyẹn ni Kigali, ní Rwanda, October 2016, tí wọ́n fi R134a àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ kún ohun tí àdéhùn Montreal máa dín kù. Nàìjíríà fọwọ́ sí i ní 2018. Tiwa ni pé láti 2024 a ò gbọdọ̀ fi kún iye tí à ń lò mọ́, tó bá fi máa di 2045 ká ti gé ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún kúrò. Wọ́n ní tí gbogbo ayé bá ṣe é dáadáa ó lè gbà wá lọ́wọ́ ìgbóná tó tó 0.5°C kí 2100 tó dé. Ariwo COP, ìpàdé àgbáyé lórí ojú ọjọ́, ni gbogbo wa máa ń gbọ́ lọ́dọọdún, èmi ò rí ohun tó yí padà nínú ilé mi látàrí ẹ̀, àmọ́ èyí tí kò lárìwo yìí wà lẹ́yìn fírísà mi. Lójú tèmi owó ló fà á. Àwọn orílẹ̀-èdè olówó ń dá owó sínú àpò kan tí wọ́n ń pè ní Multilateral Fund láti 1991, owó yẹn ni àwọn kọ́ńpìnnì nílẹ̀ tálákà fi ń yí ẹ̀rọ wọn padà, kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n fi àpò ara wọn ṣe é.

Ẹ wá jẹ́ n sọ ohun tó jẹ́ kí n yọ máàkì kan. Fíríìjì àbúrò mi, R600a lòun náà, dédé ò tutù mọ́. Ẹnjiníà àdúgbò dé, sílíńdà R134a ló gbé dání, kò tiẹ̀ yí ẹ̀yìn fíríìjì wò tó fi ti ń ṣáná sí tọ́ọ̀ṣì tó fi ń jó páìpù. Mo ní bọ̀dá, ẹ dúró ná, ẹ wo ohun tí wọ́n kọ síbí. Ó ní, "Àǹtí, gáàsì ni gáàsì ń jẹ́, gbogbo ẹ̀ náà ló ń tutù." Mo ní kó palẹ̀ irinṣẹ́ ẹ̀ mọ́. Kò burú lọ́kàn o, kò sẹ́ni tó kọ́ ọ ni. Owó Multilateral Fund kan náà ni wọ́n fi ń dá àwọn ẹnjiníà lẹ́kọ̀ọ́ ní Nàìjíríà, UNDP àti UNIDO, àjọ méjì lábẹ́ Ìparapọ̀ Orílẹ̀-èdè Àgbáyé, ló ń bá iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí àyíká ṣe é, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, àmọ́ kò tíì dé àdúgbò tiwa. Wọ́n gbé fíríìjì dé ọ̀dọ̀ wa tán, wọ́n gbàgbé ẹni tó ń tún un ṣe.

Torí náà tẹ́ ẹ bá ra R600a, tó bá bàjẹ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi R134a sínú ẹ̀ láé, kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ wọn ò bára mu, kò ní tutù dáadáa, kò sì ní pẹ́ kú. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n tan iná kankan sí páìpù nígbà tí gáàsì bá ṣì wà nínú ẹ̀, ìta gbangba ni kí wọ́n gbé e lọ kí wọ́n tó tú u. Ẹ bi í bóyá ó ní sìkéèlì tó ń wọn gíráàmù àti ẹ̀rọ tó ń fa afẹ́fẹ́ jáde, torí gáàsì yìí kéré gan-an, ẹni tó bá ń fi ojú díwọ̀n máa bà á jẹ́. Tó bá ní kò sí, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, ẹ fún un lówó ọkọ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní tókunbọ̀ tó ṣì ń dì, ẹ má tìtorí tèmi gbé e jù nù, ẹ wulẹ̀ pààrọ̀ rọ́bà ẹnu ẹ̀ ná. Ọjọ́ tó bá kú pátápátá lọ̀rọ̀ wà. Àwọn tó ń ra irin kọ́ńdẹ́mù, páìpù ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń gé, tí R134a inú ẹ̀ bá tó gíráàmù 100, tó fò lọ, kílò kábọ́nì 143 nìyẹn, bí ẹni jó bẹntiróòlù tó lé ní lítà 60 nínú jẹnẹrétọ̀ láìtan iná kankan. Ẹnjiníà tó mọṣẹ́ lè fà á jáde sínú sílíńdà kó sì tún un lò fún oníbàárà míì, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹ̀, gáàsì wọ́n báyìí, òun fúnra ẹ̀ á fẹ́ ẹ.