Ìkìlọ̀: ẹ ṣọ́ra fún kọ́ńgílá tó ní "ẹ fi àpúrúfà sílẹ̀ fún mi"

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ́lé, tàbí tẹ́ ẹ ń múra àtikọ́lé, láti Ṣágámù títí dé Ìjẹ̀bú-Òde, ẹ fara balẹ̀ ka èyí kẹ́ ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni. Kọ́ńgílá kan wà nígboro tó ń kọ́lé fún àwa tí à ń gbé Èkó, tó sì ní òun ló máa bá wa gba àpúrúfà, ìyẹn ìwé àṣẹ ìkọ́lé. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, torí ọ̀rọ̀ wa ti dé kóòtù, lọ́yà mi sì ti fà mí létí. Àmọ́ màá sọ bó ṣe ń ṣe é. Ẹni tó bá ń bá a ṣe lọ́wọ́ á mọ̀ ọ́n.

Ìpàdé rẹgbẹ́rẹgbẹ́ wa, ìyẹn ẹgbẹ́ àwa tí ọjọ́ orí wa súnmọ́ra, ni mo ti mọ̀ ọ́n, lóṣù kìíní ọdún 2024. Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan ló mú un wá. Ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ Ojúde Ọba ṣe ń rí lára àwa Ìjẹ̀bú. Lọ́jọ́ kẹta Iléyá, tí gbogbo ẹgbẹ́ bá ń tò lọ sáàfin Awùjalẹ̀, ojú máa ń ti èèyàn tó bá jẹ́ pé yàrá òtẹ́ẹ̀lì ló ti wé gèlè fún ìyàwó rẹ̀. Mo fẹ́ kí ti ọdún 2025 bá mi nínú ilé ara mi. Mo ní pulọ́ọ̀tì kan lápá Ọ̀dọ̀gbolú, kò jìnnà sí Mọ́rosẹ̀ Ṣágámù sí Ọ̀rẹ̀, sọ́fè rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ mi. Nígbà tí ọkùnrin yìí gbọ́ pé mi ò tíì gbàṣẹ ìkọ́lé, ẹ̀rín ló rín.

"Dádì, ẹ fi àpúrúfà sílẹ̀ fún mi. Àwọn ọmọ ọ́fíìsì yẹn, èmi ni mò ń bọ́ wọn."

₦1,850,000 ló ní kí n mú wá, àkáùǹtì ara rẹ̀ ló sì ní kí n san án sí. Ká ní mo ní làákàyè lọ́jọ́ náà ni, ibẹ̀ ni ǹ bá ti dìde.

Lóṣù kẹta, ó gbé fáìlì búlúù kan wá, ó nípọn bí ìwé mímọ́. Pulánù ilé wà nínú rẹ̀, ẹ̀dà mẹ́rin, òǹtẹ̀ pupa lójú ewé kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ìbuwọ́lù oníyíńkì aláwọ̀ ewé tó lọ́ mọ́ra bí ejò. Mo ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí ìyàwó mi. Mo tún ra ọtí fún ọkùnrin náà lọ́jọ́ yẹn!

Wọ́n gbẹ́ ìpìlẹ̀ lóṣù kẹrin. Kò pẹ́ tí ògiri bẹ̀rẹ̀ sí í yọrí ló tún mú àbá mìíràn wá: "Ojú títì lẹ wà, Dádì. Ẹ jẹ́ ká fi ṣọ́ọ̀bù méjì síwájú. Owó rẹ́ǹtì wọn ni yóò máa tún ilé ṣe." Ó dùn létí, mo gbà. Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé ilé gbígbé ni ìjọba ya àdúgbò yẹn sí, àti pé lójú òfin ìtò ìlú, ilé gbígbé lọ̀tọ̀, ilé ìtajà lọ̀tọ̀. Àṣẹ tí wọ́n bá fún yín láti kọ́ ilé gbígbé kò kan ṣọ́ọ̀bù, kò kan ṣọ́ọ̀ṣì, kò kan òtẹ́ẹ̀lì; ẹ gbọ́dọ̀ tọrọ ìyípadà ìlò náà lọ́tọ̀ ni. Ká tilẹ̀ ní ìwé tó gbé fún mi kì í ṣe ayédèrú, ṣọ́ọ̀bù méjì yẹn ì bá ṣì dá mi lẹ́bi. Wọ́n tún wá wọ inú àlàfo tó yẹ kó wà láàárín ilé àti títì.

Ìgbà tí mo débẹ̀ lóṣù kẹsàn-án, àwọn òṣìṣẹ́ ìtò ìlú ti ìpínlẹ̀ ti fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri pé kí iṣẹ́ dúró. Mo pe ọkùnrin yìí. Ó ní kí n má dá wọn lóhùn, pé títì fẹ́dẹ́rà ló wà níwájú wa, pé ìwé fẹ́dẹ́rà lòun sì gbà, ìpínlẹ̀ ò lè fọwọ́ kàn án. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi èyí tàn yín jẹ. Ìjọba àpapọ̀ ló ni ibi tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ọ̀nà wọn lóòótọ́, ẹni tó bá kọ́lé síbẹ̀ fi ara rẹ̀ wewu. Àmọ́ láti ọdún 2003 ni Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ti dá a, nínú ẹjọ́ tó wà láàárín Èkó àti ìjọba àpapọ̀, pé ọwọ́ ìpínlẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìtò ìlú wà. Ẹni tó ń kọ́lé sí Ọ̀dọ̀gbolú, ọ̀dọ̀ ìjọba Ògùn ni yóò ti gbàṣẹ.

Mo gbé fáìlì búlúù mi, mo kọrí sí ọ́fíìsì ìtò ìlú ní Ìjẹ̀bú-Òde. Màmá kan tó wọ híjáàbù ló gbà á lọ́wọ́ mi. Ó ṣí i, ó wò ó, ó gbé ìka lé òǹtẹ̀ kan.

"Bàbá, ẹ bá mi ka déètì ibí yìí."

Mo kà á: ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹta, 2024.

"Ọjọ́ wo lọ́sẹ̀ nìyẹn?"

Mo ṣí kàlẹ́ńdà orí fóònù mi. Ọjọ́ Sọ́ńdè ni. Màmá yẹn ò rẹ́rìn-ín rárá. Ó kàn rọra ṣí ewé kejì, ó tún béèrè bóyá ilé alájà ni mò ń kọ́. Mo ní rárá, búńgálò ni. Ó yí pulánù ibi tí wọ́n to irin àti kọnkéré sí sọ́dọ̀ mi: àtẹ̀gùn wà níbẹ̀, gàdàgbà bẹ́ẹ̀. Ilé ẹlòmíì ni wọ́n dà kọ. Nọ́ńbà fáìlì tó wà lókè, nígbà tó yẹ rẹ́gísítà wò, fẹ́ǹsì ẹnì kan ló jẹ́. Oṣù mẹ́fà ni mo fi gbé ìwé yẹn pa mọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí.

Ẹ̀gbẹ́ kan nìyẹn. Owó lẹ̀gbẹ́ kejì. ₦24,000,000 la jọ sọ títí dé orí òrùlé, orí ìwé pélébé kan tí kò sọ iye tí màá san nígbà tí iṣẹ́ bá dé ibi báyìí. Gbogbo ìgbà tó bá ti pè ni sìmẹ́ńtì fẹ́ gbówó lórí lọ́la. Lóṣù kẹsàn-án, ₦14,400,000 ti kúrò lọ́wọ́ mi, èmi Ìjẹ̀bú tí wọ́n ní a mọ owó kà! Kúáńtítì sọ̀fíyọ̀, ẹni tó ń ṣírò owó iṣẹ́ ìkọ́lé, tí mo mú débẹ̀ nígbẹ̀yìn wọn gbogbo iṣẹ́ tó wà nílẹ̀, ó ní kò ju ₦6,900,000 lọ. Mo ní kó dá ìyókù padà. Ẹ gbọ́ èsì: ó ní èmi ni mo jẹ òun ní ₦2,300,000, owó iṣẹ́ àfikún ti ṣọ́ọ̀bù. A ò kọ iye kankan sílẹ̀ fún ṣọ́ọ̀bù.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ọlọ́pàá méjì wá sílé mi. Ó ti lọ fi mí sùn pé ajigbèsè ni mí. Lọ́yà ló gbà mí: Òfin Ọlọ́pàá ọdún 2020, abala 32, sọ ọ́ gbangba pé a kò gbọ́dọ̀ mú èèyàn torí àdéhùn tó yẹ̀ nìkan. Kóòtù ni irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ ń lọ. Tí wọ́n bá dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ má janpata, ẹ má fọwọ́ sí "màá san án lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀" kankan ní tésàn. Ẹ pe lọ́yà.

Kí ni ǹ bá ṣe? Ǹ bá jẹ́ kí àkítẹ́ẹ̀tì tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ARCON, àjọ tó ń rí sí àwọn àkítẹ́ẹ̀tì, ya pulánù mi, kí ẹnjiníà tí COREN, àjọ tó ń rí sí àwọn ẹnjiníà, mọ̀ ṣe ti irin, kí n fẹsẹ̀ ara mi gbé e lọ sí ọ́fíìsì, kí n san owó ìjọba sí àkáùǹtì ìjọba, kí rìsíìtì jẹ́ orúkọ mi. Ẹni tó máa kọ́lé fún mi kò ní jẹ́ ẹni tó máa gbàṣẹ rẹ̀. Owó rẹ̀ á máa tẹ̀ lé iṣẹ́: ìpìlẹ̀, líńtẹ́ẹ̀lì, òrùlé, kí n sì mú díẹ̀ dání lọ́wọ́ títí òjò á fi rọ̀ sórí òrùlé náà. Ní ti èmi, mo ti wó ṣọ́ọ̀bù méjèèjì, mo ń san owó ìtanràn kí n lè gba ìwé gidi.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ń bọ̀ láti Ìpẹru, mo rí ọkùnrin yìí lórí ilẹ̀ kan lẹ́bàá ọ̀nà Ìlíṣàn. Bàbá arúgbó kan tó wọ búbá funfun dúró tì í, ó gbá fáìlì búlúù mọ́ àyà. Mo wá ibi tí màá páàkì sí. Kí n tó padà dé, wọ́n ti wọ mọ́tò lọ. Bàbá, tó bá jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ̀ ń ka èyí, tàbí tí ọmọ yín ń kà á fún yín, ẹ ṣí fáìlì yẹn báyìí, kẹ́ ẹ wo ọjọ́ tó wà lára òǹtẹ̀.